Oògùn oorun nínú bàálù ọ̀nà jíjìn: bí ẹni tó ń ti Èkìtì lọ òkè òkun ṣe lè lò ó

Ẹni tó bá kúrò l'Adó-Èkìtì láàárọ̀ kùtù, tó gba Iléṣà àti Ìbàdàn dé Èkó, tó tún tò sórí ìlà fún wákàtí mẹ́ta ní pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu kó tó wọ bàálù. Síbẹ̀, bó bá jókòó tán, oorun lè má kùn ún. Àga há, ariwo ẹ́ńjìnnì kì í dákẹ́, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, ọkàn ò sì balẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń nawọ́ sí oògùn.

Oògùn oorun wúlò fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò. Ohun tó ń kó èèyàn sí wàhálà jù ni pé oògùn tí wọ́n gbé mì máa ń pẹ́ lára ju àyè oorun tí wọ́n ní lọ. Torí náà, wákàtí la ó kọ́kọ́ kà ká tó dárúkọ oògùn kankan.

Ẹ ka wákàtí oorun yín

Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì yín, kí ẹ mọ iye wákàtí tí bàálù yóò fi wà lókè. Ẹ yọ wákàtí 1 àbọ̀ kúrò níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìgbà tí bàálù ń gòkè, tí wọ́n ń pín oúnjẹ, tí wọ́n sì ń kó abọ́. Ẹ tún yọ wákàtí 1 àbọ̀ kúrò níparí, nítorí wọ́n á tan iná, wọ́n á gbé oúnjẹ mìíràn wá, wọ́n á sì ní kí ẹ na ẹ̀yìn àga yín dìde. Èyí tó kù lẹ́ lè fi sùn.

Láti Èkó dé London tó bíi wákàtí 6 àbọ̀. Ẹ yọ 3 kúrò, ó ku 3 àbọ̀. Zolpidem, ọ̀kan lára oògùn oorun tí àwọn dókítà máa ń kọ fún arìnrìn-àjò, ń fẹ́ kí ẹni tó lò ó ní wákàtí 7 sí 8 tí yóò fi sùn. Ẹni tó bá gbé e mì lójú ọ̀nà London, oògùn náà ṣì wà lára rẹ̀ digbí nígbà tí òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò bá ń bi í pé ọjọ́ mélòó ló fẹ́ lò. Láti Èkó dé Dubai tó bíi wákàtí 8, ó ku 5. Kò tó síbẹ̀. Láti Èkó dé Atlanta tó bíi wákàtí 12, ó ku 9. Ibẹ̀ ni àyè oògùn ti wà. Bí ẹ bá máa pààrọ̀ bàálù lójú ọ̀nà, ẹ ṣírò bàálù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ má ṣe ro wákàtí méjèèjì pọ̀ kí ẹ wá sọ pé àyè pọ̀. Ẹni tó bá sun oorun oògùn nínú bàálù àkọ́kọ́ lè fi ìtòògbé pàdánù èkejì, tàbí kó gbàgbé ìwé ìrìnnà rẹ̀ sórí àga tó ti ń dúró.

Ẹ tún wo aago. Aago Nàìjíríà kì í yí padà láàárín ọdún. Láti ìparí oṣù kẹta títí di ìparí oṣù kẹwàá, aago London àti tiwa dọ́gba. Nígbà òtútù, wákàtí 1 péré ni tiwa fi ṣáájú. Nítorí náà, ẹni tó dé London tó ń tòògbé, àìsùn ló ń bá a jà, aago ara rẹ̀ ò dàrú. Ti Amẹ́ríkà àti Kánádà yàtọ̀: New York, Atlanta àti Toronto fi wákàtí 5 wà lẹ́yìn wa nígbà ooru wọn, wákàtí 6 nígbà òtútù. Houston jẹ́ 6 tàbí 7. Dubai fi wákàtí 3 ṣáájú wa, China fi 7 ṣáájú. Ìyàtọ̀ aago àti àìsùn kì í ṣe ìṣòro kan náà, oògùn wọn ò sì pọ̀ mọ́ra.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó di ọjọ́ ìrìnàjò

Ẹ lọ rí dókítà. Ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìpínlẹ̀ wà l'Adó, ti ìjọba àpapọ̀ wà n'Ídòó-Èkìtì. Ẹni tó bá sì ní dókítà tó mọ̀ ọ́n dáadáa nílùú rẹ̀, kó lọ síbẹ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá kan, kí ẹ gbé e lọ bó ṣe wà: ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti àtọ̀gbẹ, ti ìrora, títí kan àgbo inú ìgò. Ẹ má ṣe fẹnu ròyìn rẹ̀ lásán. “Hóró funfun kékeré kan” ò sọ nǹkan kan fún dókítà.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n dá oògùn oorun lò láé. Ẹni tó máa ń hanrun gan-an, tí èémí rẹ̀ máa ń dúró lójú oorun kó tó fà á wọlé pẹ̀lú ariwo, wà nínú ewu, nítorí oògùn oorun lè mú kí ìdúró èémí náà pẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ inú bàálù kéré sí tilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹni pé èèyàn wà lórí òkè tó ga tó 6,000 sí 8,000 ẹsẹ̀ bàtà ló rí. Àwọn òkè Èkìtì ò ga tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ SS ní láti ṣọ́ra jù lọ: afẹ́fẹ́ tó dínkù, omi ara tó ń gbẹ, àti jíjókòó sójú kan lè dá ìrora rẹ̀ sílẹ̀, bó bá wá sùn bí òkú, kò ní mu omi. Kó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì pàápàá. Aláboyún, ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹni tó ní ikọ́ fée tó le àti ẹni tó ń mutí lójoojúmọ́ náà wà nínú àwọn tí dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò.

Oògùn wo lẹ máa bá pàdé ní kẹ́míìsì?

Melatonin ni ọ̀pọ̀ ń béèrè. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ máa ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, láti sọ fún ara pé alẹ́ ti lẹ́. Ẹni tó bá ń retí pé kó gbé òun ṣubú bí abẹ́rẹ́ máa sọ pé kò ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti tún aago ara tò, ó sì dára jù fún ẹni tó kọjá ìyàtọ̀ wákàtí 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá tó bá ń lọ sí ìhà ìlà oòrùn. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0.5 sí 5 mílígírámù. Ìgò 10 mílígírámù wà lọ́jà, ṣùgbọ́n kò ṣe ju ti 5 lọ, àtidìde lẹ́yìn rẹ̀ ló máa wúwo. Àkókò tí ẹ lò ó ṣe pàtàkì ju ìwọ̀n lọ: ní alẹ́ ibi tí ẹ ń lọ, láàárín aago 10 sí 12 òru. Ẹni tó bá lò ó ní ọ̀sán ibẹ̀ ń ti aago ara rẹ̀ sí ọ̀nà òdì. Ẹni tó ń lo warfarin kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má dì, tàbí oògùn wárápá, kó bi dókítà rẹ̀ ná.

Zolpidem ń béèrè ìwé dókítà. Ó máa ń mú èèyàn láàárín bí ìṣẹ́jú 30. Obìnrin, 5 mílígírámù. Ẹni tó ti lé ní ọdún 65, 5 náà ni. Ọkùnrin, 5 tàbí 10 gẹ́gẹ́ bí dókítà bá ṣe sọ. Lọ́dún 2013 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn l'Amẹ́ríkà, dín ti obìnrin kù sí ìdajì, nítorí pé ara obìnrin máa ń pẹ́ kó tó lé e jáde. Lọ́dún 2019, àjọ kan náà fi ìkìlọ̀ tó le jù tí wọ́n ní sára páálí rẹ̀: àwọn kan ń rìn, wọ́n ń dáná, wọ́n tilẹ̀ ń wa mọ́tò lójú oorun, wọn ò sì rántí nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan ò gbọ́dọ̀ tún fẹnu kàn án mọ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nípa zolpidem: oúnjẹ máa ń fà á sẹ́yìn. Ẹni tó bá jẹun yó tán tó gbé e mì lójú ẹsẹ̀ lè jókòó fún wákàtí kan kí nǹkan kan má ṣe é. Yóò rò pé ayédèrú ni, yóò tún ju ẹyọ kan sẹ́nu. Nígbà tí oúnjẹ bá dà tán, méjèèjì á jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Báyìí ni èèyàn ṣe ń bá ara rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bàálù. Bí ẹyọ kan ò bá mú yín, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹyọ kejì nínú ìrìnàjò kan.

Zopiclone fara jọ ọ́, ó ń pẹ́ lára jù ú lọ díẹ̀, ó sì máa ń fi ẹnu kíkorò bí irin sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.5 mílígírámù, tàbí ìdajì rẹ̀, 3.75, fún àgbàlagbà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti Piriton àti Phenergan, nítorí àwọn ló wà nínú àpamọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jù. Oògùn ara yíyún ni wọ́n. Oorun tí wọ́n ń fà kì í ṣe iṣẹ́ tí a torí ẹ̀ ṣe wọ́n. Phenergan 25 mílígírámù lè wà lára fún wákàtí 12, Piriton 4 mílígírámù náà kì í tètè lọ. Ọ̀dọ́ tó lára le lè fara dà á. Àwọn màmá tó ń lọ bá ọmọ wọn wẹ ọmọ ní Kánádà ni ẹ̀rù ń bà wá fún. Ó lè dojú ọ̀rọ̀ rú mọ́ àgbàlagbà lọ́wọ́ tí kò fi ní mọ ibi tó wà, ó ń gbẹ wọ́n lẹ́nu, ó sì lè dí ìtọ̀ mọ́ bàbá tí ìtọ̀ rẹ̀ ti ń ṣòroó jáde tẹ́lẹ̀. Ó tún lè mú kí ojú tó ní glaucoma, àìsàn tó ń ba iṣan ojú jẹ́, burú sí i. Ẹ má fi sínú báàgì ìyá yín “bóyá oorun ò bá wá”.

Ti ọmọdé le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì ò gbọ́dọ̀ gba Phenergan rárá, ó lè dá a lẹ́ẹ̀mí dúró. Àwọn tó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ náà, òdì ló ń ṣe fún ẹlòmíràn nínú wọn: dípò kí ọmọ sùn, yóò máa sáré káàkiri inú bàálù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ fi ìwé àwòrán, oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ àti aṣọ tó mọ òórùn rẹ̀ tọ́jú ọmọ.

Valium àti Lexotan, oògùn amọ́kànbalẹ̀, ò yẹ fún bàálù. Ìdajì Valium tí èèyàn lò nìkan lè gba ọjọ́ kan sí méjì kó tó kúrò lára, ìdajì yòókù á ṣì wà níbẹ̀, ó sì máa ń di bárakú. Dubai àti àwọn ìlú yòókù nínú ilẹ̀ Emirates ń béèrè ìwé àṣẹ ṣáájú fún un, bẹ́ẹ̀ náà ni tramadol àti codeine. A ti rí àwọn tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ sọ dèrò àhámọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà náà, kó béèrè òfin Saudi kó tó di ẹrù.

Ní ti àgbo, paraga àti ọtí: ẹ má pa èyíkéyìí pọ̀ mọ́ oògùn oorun. Ọtí máa ń mú oorun wá lóòótọ́, àmọ́ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ yóò jí èèyàn, yóò fi òùngbẹ àti ìtọ̀ tì í. Bó bá pàdé zolpidem tàbí Phenergan, èémí lè rọra lọ sílẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Àgbo ò ní ìwọ̀n tí a kọ sára ìgò, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ọtí pò.

Bí ẹ bá ń ra oògùn, ẹ lọ sọ́dọ̀ apoògùn tó ní ìwé ẹ̀rí lára ògiri. Ẹ yẹ nọ́ńbà NAFDAC wò lára páálí, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, kí ẹ sì gba odindi káàdì. Hóró tí wọ́n gé sínú bébà kò ní orúkọ, kò ní ọjọ́, kò sì ní gbà yín lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kankan ní pápákọ̀.

Ẹ dán an wò nílé

Ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tí iṣẹ́ ò sí lọ́jọ́ kejì, ẹ lò ó nínú yàrá yín, kí ẹnì kan wà nílé. Ẹ kọ aago tí ẹ gbé e mì, aago tí oorun dé, aago tí ẹ jí, àti bí orí yín ṣe rí títí di ọ̀sán. Bí aago 11 àárọ̀ bá lù tí ẹ ṣì ń tòògbé, oògùn náà tàbí ìwọ̀n rẹ̀ ò bá yín mu. Ó sàn kí ẹ mọ̀ nínú yàrá yín ju kí ẹ mọ̀ ọ́n lókè òkun Atlantic.

Ọjọ́ ìrìnàjò

Obì ń fa àìsùn bíi kọfí, nítorí èròjà kan náà ló wà nínú méjèèjì, ìdajì rẹ̀ sì máa ń gba bíi wákàtí 5 kó tó kúrò lára. Obì tí bàbá fi súre fún yín láàárọ̀, ẹ jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ á ti lọ kí bàálù alẹ́ tó gbéra. Èyí tí ẹ ń gé jẹ lójú ọ̀nà kí ojú lè là ló máa dúró dè yín. Lẹ́yìn aago 2 ọ̀sán, ẹ má fi obì, kọfí tàbí tíì sẹ́nu mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ jẹ iyán kó tó fi ilé sílẹ̀, kó jẹ ẹ́ láàárọ̀. Afẹ́fẹ́ inú ikùn máa ń fẹ̀ sí i tó bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lókè, torí náà ẹ̀wà àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ní ìrọ̀lẹ́ máa sọ ikùn di ìlù. Ẹ má sì sùn nínú mọ́tò lẹ́yìn Ìbàdàn. Oorun aago 4 ìrọ̀lẹ́ ló ń jí oorun aago 11 gbé.

Oògùn yín, báàgì ọwọ́ ni, nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà tí orúkọ rẹ̀ bá ti ìwé ìrìnnà yín mu. Ẹ má ṣe kó o sínú àpótí tó ń lọ sísàlẹ̀ bàálù. Ẹ fi nǹkan wọ̀nyí kún un: ìrọ̀rí ọrùn, ìbòjú dúdú, fóòmù àfisétí, ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ojúgun, àti ìborùn kan tàbí ìró tó nípọn. Inú bàálù máa ń tutù lóru, aṣọ ìbora tí wọ́n ń pín sì fẹ́lẹ́. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló dára fún oorun, nítorí kò sẹ́ni tó máa fò yín kọjá, ẹ ó sì rí ibi fi orí tì. Ẹni tó ń tọ̀ léraléra, kó gba ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Nígbà tí ẹ bá ti jókòó

1. Ẹ yí aago yín sí ti ibi tí ẹ ń lọ.

2. Ẹ má tíì lo oògùn kí bàálù tó gbéra, kí àmì bẹ́líìtì sì ti kú. Bàálù lè dúró sórí ilẹ̀ fún wákàtí méjì, wọ́n sì lè ní kí gbogbo yín sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ti sùn lójú oògùn níbẹ̀ di ẹrù fún ẹlòmíràn.

3. Ẹ jẹ oúnjẹ díẹ̀, kó má kún ikùn. Tàbí kí ẹ ti jẹun ní pápákọ̀, kí ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n má jí yín fún oúnjẹ.

4. Ẹ lọ tọ̀. Ẹ padà, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀, ẹ ta ìró bo ara, lẹ́yìn náà kí ẹ de bẹ́líìtì sórí ìró náà síta gbangba. Bí ìjì bá mi bàálù lóru, òṣìṣẹ́ yóò fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, yóò kọjá. Bí bẹ́líìtì bá wà lábẹ́ aṣọ, wọ́n á jí yín láti yẹ̀ ẹ́ wò.

5. Ẹ tún ka wákàtí tó kù lójú àwòrán iwájú yín, kí ẹ yọ wákàtí 1 àbọ̀ ti ìparí kúrò. Bó bá kéré sí ti oògùn yín, ẹ dá a padà sápò. Bó bá tó, ẹ fi omi mì í, ẹyọ kan, kí ẹ sọ fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń lọ.

6. Ẹ fi fóòmù sétí báyìí: ẹ fi ìka méjì yí i títí yóò fi tín-ín-rín bí igi ìṣáná, ẹ fi ọwọ́ kejì fa etí sókè àti sẹ́yìn, ẹ kì í wọlé, kí ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 20 títí yóò fi wú. Ẹni tó kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu etí ò ní gbádùn rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni ewu tó fara sin. Jíjókòó ju wákàtí 4 lọ ń fi kún ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀, oorun oògùn sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn ò ní yíra padà. Kí ẹ tó sùn àti nígbàkígbà tí ẹ bá ta jí, ẹ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè, ẹ yí i padà, nígbà 20. Ẹ má ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ara, ẹ má sì kó báàgì dí iwájú àga. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì lára rẹ̀ rí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò gbọ́dọ̀ lo oògùn oorun nínú bàálù.

Bó bá ku ìṣẹ́jú 45 kí bàálù balẹ̀, kí ẹnì kan jí yín. Ẹni tó ń sùn kì í gbé itọ́ mì dáadáa, etí rẹ̀ á dí, á sì máa ro ó bí bàálù ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ yọ fóòmù, ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ẹ di àga mú nígbà tí ẹ bá ń dìde.

Lẹ́yìn tí ẹ bá balẹ̀

Ẹ má wa mọ́tò lọ́jọ́ náà. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ẹ gbìyànjú kí ojú yín là di aago 9 tàbí 10 alẹ́ ibẹ̀, ẹ jáde síta ní ìrọ̀lẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè bà yín lójú. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó ń dunni, tàbí tí àyà ń dunni tí èémí ò délẹ̀, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìrìnàjò.

Àbọ̀ ló máa ń le jù, nítorí ìhà ìlà oòrùn lẹ ń bọ̀. Ẹ lo melatonin ní aago 10 alẹ́ Èkìtì, fún alẹ́ 3 sí 4. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ má tètè jáde sínú oòrùn àárọ̀. Aago 7 àárọ̀ l'Adó, aago 2 òru ni lára yín bí ẹ bá ti Atlanta bọ̀ nígbà ooru wọn, ìmọ́lẹ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí oorun yín túbọ̀ pẹ́ dé. Láti bí aago 11 lọ, ẹ jáde, ẹ rìn káàkiri. Oògùn tó bá ṣẹ́ kù nínú káàdì, ẹ tì í mọ́ ibi tọ́wọ́ ọmọdé ò tó, ẹ má sì bu fún aládùúgbò tó ń ráhùn pé òun ò róorun sùn.